Ọgbọ̀n Ọjọ́ Nílé Baba Rẹ̀

Inú ọkọ̀ tó ń lọ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó ni Ọláyẹmí ti kọ́kọ́ rí Akínwùmí, ní oṣù karùn-ún ọdún 1980. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀rù sì ti kọ́kọ́ bà á nítorí rẹ̀.

Olùkọ́ ni Ọláyẹmí, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ọmọ Bàbá Adébùsóyè tí í ṣe Bàbá Ìjọ ní Ìsíkàn nílùú Àkúrẹ́. Ọkùnrin tó jókòó tì í lọ́jọ́ náà ti ń bá ìyá àgbàlagbà kan jiyàn láti Àkúrẹ́ lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n sá kòkó. Èdè Oǹdó pọ́ńbélé ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bí wọ́n ṣe dé Ọ̀wẹ̀nà, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró.

"Ẹ̀yin àlejò láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ mú ìwé yín, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Àwọn èrò ń wo ara wọn lójú. Kò sí ẹni tó jọ àlejò níbẹ̀. Àfi bí ọkùnrin náà ṣe dìde.

"Ìwọ kẹ̀?" Ìyá àgbàlagbà náà fà á láṣọ. "Jókòó jàre! Ṣé oòrùn ti mú ọ ni?"

"Ìyá, èmi ni wọ́n ń pè."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Òyìnbó Oǹdó!" ni awakọ̀ wí. "Òyìnbó tó mọ kòkó sá ju bàbá mi lọ!"

Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu wọn nígbà tí Ọláyẹmí rí i láti ojú fèrèsé pé ọlọ́pàá ń ṣí ìwé pẹlẹbẹ kan síwá sẹ́yìn, ó sì ń da ìbéèrè bo ọkùnrin náà. Nígbà tó padà wọlé, Ọláyẹmí kò lè pa á mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò jókòó yín? Ta ni ìbá mọ̀?"

"Èmi ìbá mọ̀," ni ó wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọlọ́run náà ìbá mọ̀. Ẹni méjì ti tó."

Kí wọ́n tó dé Oǹdó, ó ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1967. Ẹ̀kọ́ kù díẹ̀ kó parí nígbà tí ìrànlọ́wọ́ tó ń rí gbà dáwọ́ dúró, wọ́n sì fẹ́ dá a padà sílé láìgba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀rẹ́ kan ní kí ó búra fún ilẹ̀ náà, kí ó di ọmọ onílẹ̀. Ó búra. Kò mọ̀ pé lọ́jọ́ náà gan-an ni òfin ilẹ̀ wa ṣíwọ́ kúrò lórí rẹ̀, tí kò sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa mọ́. Nígbà tó gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣojú ìjọba wa pé kí wọ́n bá òun sọ ọ́ dọ̀tun, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé igun ìwé náà kan kí ó má lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n sì dá a padà fún un. Láti ọjọ́ náà, kí ó tó lè wo ojú ìyá tó bí i ní Oǹdó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ físà bíi gbogbo àlejò.

"Nígbà tí ara ìyá mi kò yá, mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní kí n mú lẹ́tà ẹni tó fẹ́ gbà mí sílé wá. Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n ní kí ìyá náà fọwọ́ sí i." Ó yí ojú sí igbó ẹ̀bá ọ̀nà. "Kò lè gbé ọwọ́ mọ́ nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni físà tó dé. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ni, pé èmi àlejò ti dé."

Ọláyẹmí, tó máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tó mọ ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú wà nínú Bíbélì, kò fa ọ̀kankan yọ. Ó ṣí ìwé orin rẹ̀, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kà á díẹ̀, ó pa ojú dé, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi wọ Oǹdó.

Lẹ́tà mọ́kànlá ni Akínwùmí kọ sí i láti Amẹ́ríkà láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Nínú ìkẹjọ ni ó ti béèrè bóyá Ọláyẹmí yóò fẹ́ òun. Ọláyẹmí gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tó ti fi lẹ́tà náà sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ ni àyà rẹ̀ ti ń já. Ọkùnrin tó fẹ́ràn kò lè wá sọ́dọ̀ rẹ̀ àyàfi kí ẹnì kan tí kò mọ̀ wọ́n rí gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, ọdún 1981 ni Akínwùmí dé. Lọ́jọ́ kejì, Ọláyẹmí sáré lọ bá a ní Oǹdó, nílé Ìyá Jíbọ́lá, àbúrò ìyá ọkùnrin náà. Akínwùmí fi òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ hàn án. Ọgbọ̀n ọjọ́.

"Ọgbọ̀n péré? O ní oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún ọ ní Amẹ́ríkà!"

"Oṣù mẹ́ta ni físà náà ní, kí n fi wọlé. Iye ọjọ́ tí mo lè lò, ẹni tó jókòó ní pápákọ̀ òfuurufú ló ń kọ ọ́. Ó bi mí pé kí ni mo wá ṣe, mo ní mo wá fẹ́ ìyàwó ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ tó fẹ́ obìnrin."

Ìyá Jíbọ́lá pàtẹ́wọ́. "Ẹni yẹn kò tíì fẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ rí! Ọma mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn á ní kí a wá kí wọ́n tó jẹ́wọ́ fún wa pé àwọn tilẹ̀ ní ọmọbìnrin nílé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí ìyá náà wọlé lọ, Akínwùmí sọ ìyókù. "Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí, ni ó parí. Bí mo bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo kọjá rẹ̀, wọ́n lè má jẹ́ kí n wọ ilẹ̀ yìí mọ́ láéláé. Sọ fún bàbá rẹ, Yẹmí. Sọ ọ́ kí àwa tó dé ibẹ̀."

"Màá sọ ọ́," ni Ọláyẹmí wí. Ó sì fẹ́ sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn Bísọ́dún nínú ilé àwọn Ọláyẹmí. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Adébùsóyè ni Bísọ́dún í ṣe. Ọkọ rẹ̀ ti òkè òkun wá fún ìsinmi, ó gbé e níyàwó, ó padà lọ pé òun ń bọ̀ wá mú un. Ọdún mọ́kànlá ni Bísọ́dún fi ń lọ béèrè lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, Bàbá, àbúrò rẹ̀, ló sì máa ń sìn ín lọ. Aṣọ tó fẹ́ wọ lọ bá ọkọ ni wọ́n fi sin ín.

Nígbà tí Ìyá Jíbọ́lá àti àwọn ará Oǹdó kọ́kọ́ wá tọrọ ọmọ, tí Bàbá sì ti dá wọn lóhùn bí àṣà ṣe rí pé òun ti gbọ́, kí wọ́n máa lọ ná, ó pe Ọláyẹmí sí yàrá.

"Àmọ̀kẹ́, wò mí lójú." Oríkì rẹ̀ ni ó pè. "Ọmọ Oǹdó yìí, ṣé ó ti padà wálé ni, àbí ó tún ń lọ?"

Ọláyẹmí la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ náà. Ojú bàbá rẹ̀ ni ó rí. Kò bínú, ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀, ẹ̀rù arúgbó tó ti rí irú rẹ̀ rí.

"Ó ti padà wálé, Bàbá."

"Pátápátá?"

"Pátápátá, Bàbá."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ìyá Ọláyẹmí, tó ń fetí sí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ṣé ẹ rí i? Mo ti ń sọ ọ́ pé ọkùnrin tó bá ṣẹ́rí wá sí ulé bẹ́ẹ̀ kò níí lọ mọ́. Bàbá Yẹmí, ẹ fara balẹ̀ o."

Bàbá sì fara balẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Oǹdó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù, ojú Bàbá túká. "Ọmọ yín ti wà nílé, ọmọ wa náà wà nílé. Kí ni a ń sáré fún? Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì la wà yìí, ìjọ wa kì í so yìgì nínú Lẹ́ńtì. Ẹ jẹ́ kí Àjíǹde kọjá. Ẹ wá gbọ́ èsì wa ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin. Bí Olúwa bá fẹ́, a ó ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

Ìyá Jíbọ́lá wo Ọláyẹmí. Ọláyẹmí ti bẹ̀ ẹ́ ṣáájú pé kó má sọ nǹkan kan. Ìyá náà gbé ojú sílẹ̀, ó ní, "A dúpẹ́, Bàbá." Irọ́ tí Ọláyẹmí pa kí ọ̀nà lè là ló ti dí ọ̀nà náà pa.

Akínwùmí kò pariwo nígbà tó gbọ́.

"O sọ fún bàbá rẹ pé mo ti dé pátápátá?"

"Mo rò pé bí ó bá gbọ́ pé ìjọba ń ka ọjọ́ fún ọ, kò níí gbà."

"Nísinsìnyí, bí mo bá lọ lọ́gbọ̀njọ́, màá di ọkọ Bísọ́dún lójú rẹ̀. Bí mo bá dúró, màá di arúfin. Èwo ni kí n yàn, Yẹmí?"

Ọláyẹmí ní kí wọ́n lọ bá àwọn tó ń ka ọjọ́ náà.

Wọ́n jọ lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ní Àkúrẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì, ọ̀gá tó wà níbẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn dé òpin. Ó ní òun lè fi ọgbọ̀n ọjọ́ kún un, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ yìí kan tó gbajúmọ̀ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ tó parí. "Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó lẹ sọ, bàbá ìyàwó ni mo fẹ́ rí. Bí bàbá ìyàwó kò bá mọ̀ sí i, ìyàwó wo la wá ń sọ?"

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Ọláyẹmí kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, irọ́ àti òótọ́.

Bàbá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. "Ọmọ Oǹdó tó ń tọrọ àyè kí ó tó wọ Oǹdó. Ilé baba rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ fún un."

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà. Èmi kò tìtorí rẹ̀ purọ́ fún ọ."

"Ṣé ẹ ó wá lọ́jọ́ Ajé, Bàbá?"

"Dìde kúrò nílẹ̀," ni Bàbá wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sọ nǹkan kan lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ Àìkú. Nínú ìsìn, Ọláyẹmí ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ lórí àga iwájú, ó ń gbàdúrà tí kò lórí, tí kò nídìí: Olúwa, jọ̀ọ́. Olúwa, jọ̀ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá ti jáde kí Ọláyẹmí tó jí. "Ó ti mú bàtà ìrìnàjò rẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kò sọ ibi tó ń lọ fún mi. Bóyá Ìgbàrà-Òkè ni. Wọ́n ní ìpàdé ìjọ wà níbẹ̀."

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni ọ́fíìsì ń ti ilẹ̀kùn. Láti aago mẹ́sàn-án ni Ọláyẹmí àti Akínwùmí ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Àpótí ẹrù Akínwùmí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀; ó ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbéra láti Ìkẹjà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí bàbá kò bá wá, ọkọ̀ Èkó ni yóò gba ibẹ̀ wọ̀. Bí bàtà bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, Ọláyẹmí á yíjú. Ẹlòmíràn ni. Agogo kọjá méjìlá, ó kọjá kan.

Nígbà tó di aago méjì, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì ṣàánú wọn, ó fún Akínwùmí ní fọ́ọ̀mù. "Máa kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Bóyá bàbá náà yóò dé."

Akínwùmí kọ ọ́, ó dá a padà. Ọ̀gá náà kà á, ó dúró, ó tún un kà.

"Kí lèyí? Níbi tí wọ́n ti béèrè iye ọjọ́ tí o tún fẹ́ lò. Iye ọjọ́ ni mo ní kí o kọ, àdúrà lo kọ síbẹ̀!"

"Òótọ́ ni mo kọ, sà. Wọ́n kọ ọ́ sókè fọ́ọ̀mù pé ẹni tó bá purọ́ yóò jìyà. Iye tí mo fẹ́ ni ó bi mí. Kò bi mí ní iye tí ẹ máa fún mi."

"Ọ̀rẹ́, ìwọ kò mọ ohun tó o ṣe. Ẹni tó bá kọ irú èyí ń sọ fún ìjọba pé òun kò níí jáde nígbà tí wọ́n bá ní kí òun jáde. N kò gbọdọ̀ tẹ òǹtẹ̀ lé e."

Ọláyẹmí dìde. "Akin, yí i padà! Nítorí Ọlọ́run!"

"Irọ́ ló gbé wa débí, Yẹmí," ni Akínwùmí wí. "Mi ò fẹ́ fi òmíràn kún un."

Bí wọ́n ti wà lórí ìyẹn ni Bàbá Adébùsóyè wọlé. Aago mẹ́ta ti kọjá. Eruku ojú ọ̀nà bo bàtà rẹ̀ àti etí agbádá rẹ̀. Akínwùmí dọ̀bálẹ̀, Ọláyẹmí kúnlẹ̀. Kò wo ibi tí wọ́n wà.

"Oǹdó ni mo ti ń bọ̀," ni ó sọ fún ọ̀gá náà. "Mo lọ wo ilé tí ọkùnrin yìí ti wá."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ni bàbá ìyàwó?"

"N kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Àjíǹde ni àwọn ẹbí rẹ̀ máa gbọ́ èsì wa."

Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì fi ọwọ́ pa orí. "Bàbá, lẹ́yìn Àjíǹde, Amẹ́ríkà ni ẹ ti máa kàn sí i. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ohun tó kọ."

Bàbá gba fọ́ọ̀mù náà, ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó kà á láti òkè wá, díẹ̀díẹ̀, bí ó ṣe máa ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dé ibẹ̀. Wọ́n ti béèrè iye ọjọ́ tí ó tún fẹ́ lò. Akínwùmí kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Gbogbo ọjọ́ ayé mi.

Bàbá bọ́ awò náà, ó nù ún, kò wọ̀ ọ́ padà.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Nítorí kí n lè rí i?"

"N kò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, sà. Yẹmí náà kò mọ̀."

Ọláyẹmí rò pé bàbá òun yóò yí padà, yóò jáde.

"Ẹ fún un ní fọ́ọ̀mù mìíràn," ni Bàbá wí nígbẹ̀yìn. Ó sún mọ́ Akínwùmí tó ṣì dọ̀bálẹ̀, ó gbé e dìde ní apá. "Kọ ọgbọ̀n, ọmọ mi. Ọgbọ̀n ni ti ìjọba. Èmi ti gba ìyókù."

Akínwùmí mú kálàmù. Ó kọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ kan ibi tó ṣófo nísàlẹ̀.

"Ó ku ti onígbọ̀wọ́. Kí ni kí n kọ pé ẹ jẹ́ sí i, Bàbá?"

Bàbá Adébùsóyè wo ọmọ rẹ̀. Kò tíì sí obì, kò tíì sí ẹbí kankan lórí ìjókòó, ìbẹ̀wò kẹta kò tíì dé, Lẹ́ńtì sì ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Àna," ni ó wí. "Ẹ kọ ọ́ kí ó hàn."